Ìbéèrè Tí Mo Gbé Lọ sí Yunifásítì

Ní ọdún tí mo ń múra ìdánwò báàkì, ìyẹn ìdánwò tí a fi ń kúrò ní lisẹ́ bọ́ sí yunifásítì, ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí ikú mú un lọ.

Lazaret, àdúgbò kan ní Niamey, olú-ìlú Niger, ni ilé wa wà. Bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Wadata. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó sì ti dé Niamey kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Màmá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Niamey la bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí. Yorùbá la fi ń bá àwọn òbí wa sọ̀rọ̀, Zarma la fi ń ṣeré ládùúgbò, Faransé sì ni ti ilé ẹ̀kọ́. Bí inú bá bí ẹ̀gbọ́n mi sí mi, Zarma ló máa ń fi bú mi, torí ó ní èébú Yorùbá máa ń pẹ́ kó tó dé òun lẹ́nu.

Ó ti wà nílé ọkọ, ṣùgbọ́n nígbà tí oyún rẹ̀ ń parí lọ ó padà sọ́dọ̀ wa, bí àwọn obìnrin ìlú yìí ṣe ń ṣe fún àkọ́bí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ wa bímọ ní igun àgbàlá. Àwa méjèèjì jókòó sórí ẹní, à ń mu kókó, à ń wò ó. Ewúrẹ́ náà dìde, ó dùbúlẹ̀, ó tún dìde, ó ké díẹ̀, ọmọ kan já bọ́. Ó yíjú, ó ń lá a. Èkejì tẹ̀lé e. Kí a tó mu kókó wa tán, àwọn ọmọ náà ti ń gbìyànjú láti dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ìyá wọn sì ti padà sídìí èèpo ẹ̀wà tó ń jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ lé ikùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọlọ́run, bí èyí ni kí O ṣe tèmi."

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìrọbí mú un. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọ̀sán pọ́n, kò tíì bí. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn àdúgbò wa, obìnrin Zarma kan tó ga, jáde sí wa, ó ń fi aṣọ nuwọ́. Ó sọ fún Màmá mi pé orí ọmọ tóbi, ọ̀nà sì há, òun ò fẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àwa tẹ̀lé e nínú taksí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọ ké. Ìyá ọmọ kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, wọ́n sì ní kí a wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀. Bàbá mi ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ náà tán.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gbàdúrà. Láàárín àdúrà kan sí èkejì, ewúrẹ́ yẹn ń wá sí mi lọ́kàn. Ojú tì mí. Ẹ̀gbọ́n ẹni ń bá ikú jìjàkadì, ewúrẹ́ lèèyàn ń rò. Ṣùgbọ́n èrò náà kò lọ. Ewúrẹ́ tí kò lágbẹ̀bí, tí kò ní dókítà, ó bí méjì láàárọ̀, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ènìyàn tó gbọ́n ju ewúrẹ́ lọ, ọmọ kan ṣoṣo fẹ́ pa á. Kí ló dé?

Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi yè. Nígbà tó padà sílé, àwọn obìnrin Yorùbá tó wà ní Lazaret àti Wadata ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ẹni tó bá ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ kú ewu ọmọ." Màmá mi á ní, "A dúpẹ́." Mo ti ń gbọ́ ìkíni yẹn láti kékeré, n kò sì fetí sí i rí. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ewu. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ewu ni, wọ́n ti fi sínú ìkíni, wọ́n sì ti fi dúpẹ́. Kò sí ẹnìkan tó bi ara rẹ̀ pé ibo ni ewu náà ti wá.

Ní lisẹ́, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Mùsíyè, bí a ṣe ń pe olùkọ́ ọkùnrin ní Faransé, ló ń kọ́ wa ní ìmọ̀ ohun alààyè, ọmọ ìlú Dosso, tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń gbá ẹfun kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà gbogbo, kì í sì í lọ. Mo dúró dè é lẹ́yìn tí kíláàsì tú. Mo sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹfun, ó ya egungun ìbàdí ewúrẹ́ sójú pátákó, ó ya ti ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró. Ìwọ fi méjì dúró. Ìbàdí tó bá máa gbé ọ dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, tí o máa fi rìn láti Lazaret dé ibí láìṣubú, kò lè fẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, orí wa wá tóbi. Ọ̀nà ò fẹ̀, orí ń tóbi sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ púpọ̀ sọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀."

"Ìgbà wo la dìde, Mùsíyè?"

"Ó ti pẹ́ gan-an. Àwọn kan ń fi gbogbo ayé wọn wá ìdáhùn yẹn."

"Níbo ni wọ́n ti ń wá a?"

Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé bí ẹni pé ibi tí wọ́n ti ń wá a kò jìnnà. "Ní Áfíríkà níbí. Nínú aṣálẹ̀ tó wà lápá ìlà-oòrùn wa, ní orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà, wọ́n rí orí kan tó ti di òkúta. Ihò ìsàlẹ̀ orí náà, níbi tí ọrùn ti wọlé, òun ni wọ́n fi ń jiyàn bóyá ẹni náà dúró bíi tiwa tàbí kò dúró." Ó wá gbé àpò rẹ̀. "Bí ẹ bá pa àgbò nígbà Iléyá, wo ibi tí ọrùn ti wọ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ."

Nígbà tí Iléyá dé, tí àwọn ará Niamey ń pè ní Tabaski, mo bẹ Màmá mi pé kó fún mi ní orí àgbò nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Ó rò pé mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni. Nígbà tó rí mi tí mo ń fi ìfọyín ha egungun lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó pe Bàbá mi pé kó wá wo ọmọ rẹ̀.

Bàbá dúró lórí mi. "Kí lo ń fi orí àgbò ṣe?"

"Ihò ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò, Bàbá."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo yí egungun náà sí i. Mo fi hàn án pé ẹ̀yìn orí ni ihò náà wà, torí pé àgbò na ọrùn síwájú. Mo wá ní kó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ sókè, ó tẹ ìdí orí rẹ̀. Mo ní, "Tiwa wà lábẹ́. Orí wa jókòó lórí ọrùn bí igbá ṣe ń jókòó lórí òṣùká." Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, ó ní, "Hùn." Ó lọ jókòó. Nígbà tó yá, mo rí i tó tún ń tẹ ibẹ̀.

Mo yege ìdánwò báàkì. Bàbá mi ní kí wọ́n pa adìyẹ, ó sì pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá bá wa jẹun. Nígbà tí a jẹun tán, ó nu ẹnu, ó yíjú sí mi.

"Mo ti rò ó," ó ní. "Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ló tọ́ sí ọ. O rí ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ rí. Láti ìgbà náà lo ti ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè nípa ìbímọ. Ó hàn pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ wà. Iṣẹ́ tó lọ́lá ni, ó sì ní láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, òun ló jẹ́ kó ṣòro fún mi láti dá a lóhùn. Ká ní ohun burúkú ló fi lọ̀ mí ni, ì bá rọrùn. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ ńlá ni, mo mọ̀. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fẹ́ kọ́."

"Kí lo fẹ́ kọ́?"

"Mo fẹ́ mọ bí ara ènìyàn ṣe di bó ṣe wà yìí. Ìgbà tí a dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Agbẹ̀bí mọ bí a ṣe ń gba ọmọ. Èmi fẹ́ mọ ohun tó sọ ọ̀nà di híhá."

"Ṣé kì í ṣe ní ìdúró ni Ọlọ́run dá wa ni?"

"Ọlọ́run ló dá wa, Bàbá. Bí Ó ṣe dá wa ni mo ń wá."

Ó ní, "Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ? Aṣọ ni mò ń tà. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá pàtẹ ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá rà, eruku ló pàtẹ rẹ̀ dè. Gbọ́, ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí yẹn. Bí o bá yege, lọ. Bí o ò bá yege, a óò tún sọ̀rọ̀."

Mo ronú lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà tó dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní n kò ní ṣe ìdánwò náà. Mo ní bí mo bá yege, àyè ọmọbìnrin mìíràn ni mo gbà, ẹni tó ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ náà. Bí mo bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kùnà, irọ́ ni mo pa fún òun. N kò fẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bàbá mi kò bú mi. Ó tú aṣọ kan, ó ká a, ó tún tú u. "Dìde," ó ní. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá fẹ́ omi, Màmá mi ló ń rán sí mi.

Màmá gbìyànjú láti tún un ṣe ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó pè mí sí ìdáná. "Sọ fún un pé o ti gbọ́. Ọkùnrin máa ń fẹ́ gbọ́ pé a ti gbọ́. Lẹ́yìn náà kí o máa ṣe ohun tí o bá fẹ́."

"Màmá, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo ọjọ́ ni n óò máa tàn án jẹ."

Ó wò mí, ó mi orí. "Bàbá rẹ gan-an lo jọ," ó ní, kò sì dà bíi pé ó fi yìn mí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Bàbá mú mi lọ sọ́dọ̀ alfa tí àwọn Yorùbá àdúgbò wa máa ń lọ bá fún ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fo etí rẹ̀ ru. Bàbá ro ẹjọ́ náà láìfi iyọ̀ sí i. Ohun tí mo sọ gan-an ló sọ.

Alfa yíjú sí ibi tí ohùn mi ti máa wá. "Ṣé o ń kírun?"

"Mo ń kírun, sà."

"Àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ, ṣé wọ́n ní kí o má kírun mọ́ kí wọ́n tó lè kọ́ ọ?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀dá?"

"Mo gbà á, sà."

Ó mi orí. "Àwọn tó ń sọ pé ara ẹranko lènìyàn ti jáde, n kò gbà fún wọn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé n kò gbà, n kò sì ní gbà títí n óò fi kú. Ṣùgbọ́n wíwo ẹ̀dá Ọlọ́run kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí o bá rí níbẹ̀, ìwọ ni yóò jíhìn rẹ̀." Ó wá yíjú sí Bàbá. "Alájì, n kò lè ní kó lọ, n kò sì lè ní kó má lọ. Ìwọ ni baba rẹ̀."

N kò jiyàn pẹ̀lú alfa. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ àti ohun tí òun gbà gbọ́ kò ní bára mu níbi gbogbo, mo sì mọ̀ pé èmi ni n óò máa gbé àwọn méjèèjì rìn. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Nínú taksí, Bàbá mi ń wo ìta. Mo rò pé alfa ti gbé ẹrù náà padà lé e lórí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tú kókó náà. Ó wá kí wa, ó bá ilé ní dídákẹ́, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Màmá sọ fún un. Kò yà sọ́dọ̀ mi. Ó lọ jókòó síwájú Bàbá tòun ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́.

Ó ní, "Bàbá, nígbà tí mo dé láti ilé ìwòsàn, gbogbo ènìyàn ló ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Mo ṣì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó nínú yàrá, mo máa ń bi ara mi pé, kí ni mo ṣe? Ṣé mo jẹ ohun tí kò yẹ kí n jẹ ni? Ṣé mo ṣẹ ẹnìkan ni? Ìyá ọkọ mi ní n kò ṣiṣẹ́ tó nígbà oyún. Ìgbà tí ọmọ yín yìí wá jókòó tì mí, tó sọ fún mi pé bí egungun gbogbo obìnrin ṣe rí nìyẹn, pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, ìgbà yẹn ni ara tù mí. Àwọn agbẹ̀bí gbà mí là, kí Ọlọ́run san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló bèèrè ìdí rẹ̀."

N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo ń ka ìwé mi sí i létí lásán ni, mo rò pé oorun ti gbé e lọ.

Nígbà tó yá, Bàbá pè mí. Ó ní, "Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, má wá sunkún fún mi."

"N kò ní sunkún, Bàbá."

"Bí o bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. N kò fẹ́ ọmọ tó ń fi ilé ẹ̀kọ́ ṣe ọjà àgbékiri."

"N óò parí rẹ̀."

"Ó dáa. Bu omi fún mi."

Yunifásítì wà ní òdìkejì odò tó la ìlú wa kọjá. Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù wọ bọ́ọ̀sì kọjá afárá láti lọ forúkọ sílẹ̀. Mo ti rò pé ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé níbí la ti ń kọ́ bí ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀. Wọ́n darí mi láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, títí mo fi dé ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń bójú tó ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta, tí wọ́n ń pè ní jeoloji. Òkúta ló fi tẹ gbogbo bébà orí tábìlì rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ fáànù.

Ó bi mí pé, "Góòlù lo fẹ́ máa wá ni, àbí epo?"

"Egungun ni, sà."

Ó gbé ojú sókè. Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dópin, ó sì sọ òtítọ́ fún mi: pé ohun tí mo fẹ́ kò ní ẹ̀ka tirẹ̀ níbí. Mo lè kọ́ ìmọ̀ ohun alààyè, yóò kọ́ mi ní ara, ṣùgbọ́n inú ìwé ni n óò ti máa rí àwọn ará àtijọ́. Mo sì lè kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, kí n máa fi ìmọ̀ egungun kún un bí mo ti ń lọ.

Mo ní, "Èwo ló sún mọ́ ọn jù, sà?"

"Egungun kì í sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀," ó ní. "Ilẹ̀ tó bò ó ló ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè ka ilẹ̀, bó tilẹ̀ fẹsẹ̀ kọ egungun, kò ní mọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ó le. Àwọn obìnrin kì í pọ̀ níbẹ̀. Oòrùn ń bẹ, ìrìn ń bẹ. Lọ rò ó."

Mo jáde, mo jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò kan. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ láti lisẹ́ ló ń lọ sí ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò owó, àwọn díẹ̀ sì ń lọ sí ìmọ̀ ohun alààyè. Ìmọ̀ ohun alààyè ni olùkọ́ mi ní kí n lọ, òun ni mo sì ti rò. Kò sí ẹnikẹ́ni tó bá mi rò ó pé kí n lọ kọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó níbẹ̀, mo rí i pé n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa sọ fún mi ohun tó wà nínú ilẹ̀. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Mo dìde, mo gbọn eruku nù lára aṣọ mi, mo padà wọlé lọ forúkọ sílẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ kò dáa. Obìnrin díẹ̀ la wà nínú kíláàsì, a sì tún dín kù kí ọdún tó parí. Iṣẹ́ kan wà lórí bí inú òkúta ṣe tò, tí a ń fi gíláàsì tó ń mú nǹkan kékeré tóbi wò. Mo kùnà nínú rẹ̀, mo tún un ṣe, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún kùnà. Àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, ilé ẹ̀kọ́ dákẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ wáṣẹ́ wọn kò sì padà. Mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi pẹ̀lú ìwé, àwọn oníbàárà á béèrè ohun tí mo ń kọ́, Bàbá á ní, "Ilẹ̀." Wọ́n á ní, "Ó fẹ́ di àgbẹ̀ ni?" Kò ní dá wọn lóhùn. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n n kò sunkún fún un.

Nígbà tó kan ìrìn àjò sí ìgbẹ́ láti lọ wo ilẹ̀ àti òkúta, tí a máa sùn níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin kíláàsì wa, mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa já sí. Bàbá bá mi lọ sí yunifásítì, ó bèèrè ibi tí àwọn obìnrin máa sùn, ẹni tó máa wà pẹ̀lú wọn, ibi tí omi wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Nígbà tí a padà délé, Bàbá gé aṣọ kákí tó nípọn nínú ọjà rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ pé kó rán ṣòkòtò tó gbòòrò fún mi àti ẹ̀wù tó gùn dé orúnkún. Ó ní, "Èyí tí o ń wọ̀ yẹn, ẹ̀gún á fà á ya."

Ní ọdún kẹta ni a dé orí ẹ̀kọ́ àwọn ohun alààyè ayé àtijọ́. Obìnrin tó ń kọ́ wa gbé àpótí kan wá, orí tí wọ́n fi ẹfun rọ bí àwòṣe àwọn orí tí wọ́n wú nílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí a máa gbé wọn yípo. Àwọn yòókù ń wo ojú àti eyín. Nígbà tó kàn mí, mo da orí náà dojú bolẹ̀, mo fi ìka wá ihò ọrùn. Kò sí lẹ́yìn bíi ti àgbò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bíi tiwa. Ó wà ní àárín ọ̀nà. Olùkọ́ náà wá dúró tì mí, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ láti kọ́kọ́ wo ibẹ̀?" Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yá mi ní ìwé, ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀ gan-an.

Mo gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ awakùsà kan ń wá àwọn tó mọ òkúta, wọ́n mú àwọn díẹ̀ nínú wa, wọ́n mú èmi náà. Inú Màmá dùn débi pé ó ti sọ fún àwọn alábàáṣòwò rẹ̀. Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, torí kì í ṣe ohun tí a kàn ń gbé jù nù. Mo wá sọ fún wọn nílé pé mo fẹ́ tẹ̀síwájú, pé góòlù ni wọ́n fẹ́ kí n máa wá, bí mo bá sì lọ, n kò ní padà wá sídìí egungun mọ́. Màmá pariwo. Mo yíjú sí Bàbá, mo ti ń retí ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn lọ́dọ̀ alfa. Ó ní, "Kò tíì parí rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun máa parí rẹ̀." Ó sì tẹ̀síwájú nínú oúnjẹ tó ń jẹ.

Lónìí, èmi àti àwọn olùwádìí mélòó kan ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn òkè pẹrẹsẹ tó yí Niamey ká, àwọn ilẹ̀ pupa líle tí odò ti gé ẹ̀gbẹ́ wọn. N kò tíì rí egungun baba ńlá ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí n má rí i láyé mi. Ilẹ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú egungun. Mi ò tan ara mi jẹ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò tó kọjá, lẹ́yìn tí àgbàrá ti wọ́ lára òkè kan, mo rí òkúta kan tí etí rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ òkúta tó fọ́ fúnra rẹ̀. Èyí kò fọ́ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní ayé àtijọ́ ló lù ú, ó yí i, ó tún lù ú, ó sì mọ ohun tó fẹ́ kó dà.

N kò gbé e. Mo ri ọ̀pá kékeré mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ya àwòrán rẹ̀, mo kọ àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti èyí tó wà lókè rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá pe àwọn yòókù. Oòrùn mú, omi wa ti gbóná nínú ike. A tò ní ẹsẹẹsẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ náà ní díẹ̀ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè. Nígbà tí àkókò ìrun alásárì tó, mo fi ìyókù omi mi ṣe àlùwàlá, mo kírun lórí òkúta gbígbóná yẹn, mo sì padà sí àyè mi nínú ìlà náà.